Títo Fèrèsé Word Pẹ̀lú Mákírò

Kí ògbufọ̀ tó ka gbólóhùn àkọ́kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ti wà nílẹ̀ dè é. Ó máa ṣí ìwé tó fẹ́ túmọ̀, ó máa ṣí èyí tó ń kọ, ó máa wọ́ ọ̀kan sápá òsì, ó máa wọ́ èkejì sápá ọ̀tún, ó máa pa àwọn àpótí ẹ̀gbẹ́ tí kò nílò dé, lẹ́yìn náà ni yóò máa mú lẹ́tà tóbi sí i títí tí àmì ohùn yóò fi hàn kedere. Bó bá ti pa fáìlì kan dé tó ṣí òmíràn, àtúnṣe ni. Olóòtú ń ṣe é, akọ̀wé ilé ẹjọ́ ń ṣe é, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ àpilẹ̀kọ oyè ń ṣe é. Gbogbo rẹ̀ ni Word lè ṣe fúnra rẹ̀ bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan péré.

Fún ẹni tó ń fi èdè Yorùbá ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ìrọ̀rùn. Ẹ wo ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀. Lórí láptọ́ọ̀pù kékeré tí ojú ìwé wà ní ìwọ̀n 100, àmì orí lẹ́tà a máa kéré débi pé ojú tó ti rẹ̀ yóò fò ó, àmì ìsàlẹ̀ náà a sì máa fẹ́ pòórá sára ìlà tí Word fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Ìwé tí a kò tò síbi tí ojú ti lè rí i dáadáa, àṣìṣe inú rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ gbogbo ẹni tó ń ṣe àtúnkà ìwé Yorùbá pé kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ yìí, kódà bí wọn ò bá tí ì kọ kóòdù kankan rí.

Mákírò ni àkọsílẹ̀ àṣẹ tí Word ń tẹ̀ lé lẹ́sẹẹsẹ. Kì í ṣe ohun tuntun. Láti ọdún 1989, nígbà tí Word àkọ́kọ́ fún Windows jáde, ni irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. WordBasic ni wọ́n ń pe èdè rẹ̀ nígbà náà. Word 97 ló gbé VBA wọlé, òun náà la ṣì ń lò dòní. Word tí a fi sínú kọ̀ǹpútà gan-an ló ń gba mákírò. Èyí tí à ń lò nínú búráúsà kì í ṣe é, èyí tó wà lórí fóònù náà kì í ṣe é. Lórí Windows ni àwọn àpẹẹrẹ inú orí ìwé yìí wà.

Ibi tí ẹ máa kọ ọ́ sí

Ẹ ṣí Word, kí ẹ tẹ Alt àti F11 pọ̀. Láptọ́ọ̀pù mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ di Fn mú kí F11 tó dáhùn. Fèrèsé tí wọ́n ń kọ kóòdù sí yóò yọ. Lápá òsì rẹ̀ ẹ máa rí orúkọ Normal. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ sí Insert lókè, ẹ mú Module. Ojú funfun tó bá ṣí ni ẹ máa kọ gbogbo mákírò wa sí. Normal yìí dúró fún fáìlì kan tó ń jẹ́ Normal.dotm, èyí tí Word máa ń ṣí nígbàkígbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ wà ní sẹpẹ́ fún ìwé yòówù tí ẹ bá ṣí. Bí ẹ bá ti kọ mákírò tán, ẹ padà sínú ìwé yín, ẹ tẹ Alt àti F8, orúkọ rẹ̀ á jáde, ẹ mú un, ẹ tẹ Run.

Word tún ní ọ̀nà kan tí kò ní kí ẹ kọ nǹkan kan: ẹ lọ sí View, ẹ mú Macros, ẹ mú Record Macro, kí ẹ wá ṣe ohun tí ẹ fẹ́ kó kọ́. Ó máa kọ àṣẹ tí ẹ bá mú nínú ribbon, ìyẹn ìlà àṣẹ tó wà lókè fèrèsé, sílẹ̀. Ó dára fún ìwọ̀n lẹ́tà àti irú ojú ìwé. Fún fèrèsé tí ẹ fi máòsì wọ́ káàkiri, kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nọ́ńbà tó bá sì kọ sílẹ̀, ti ojú kọ̀ǹpútà tí ẹ wà lọ́jọ́ náà ni. Ohun tí mo máa ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú ni pé kí wọ́n fi í kọ́ orúkọ nǹkan. Bí ẹ ò bá mọ orúkọ tí VBA ń pe ohun kan, ẹ jẹ́ kó gba ohun náà sílẹ̀, ẹ ṣí kóòdù rẹ̀, ẹ wò ó. Orúkọ náà á wà níbẹ̀.

Nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́. Fèrèsé tí a ń kọ VBA sí kò gba gbogbo lẹ́tà Yorùbá. Lórí kọ̀ǹpútà tí a ṣètò fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, á, à, é, è àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á dúró, ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ yóò di àmì ìbéèrè ní kété tí ẹ bá lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹ fi lẹ́tà lásán sọ mákírò lórúkọ, láìlo àmì rárá: FereseOsi, MejiLegbe, KoJo. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fẹ́ kí MsgBox, àpótí kékeré tí mákírò fi ń bá yín sọ̀rọ̀, fi hàn. Kò lè fi ẹ àti ọ hàn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ inú ìwé ni ẹ ti fẹ́ kí mákírò kọ lẹ́tà náà, tàbí tí ó bá wà nínú orúkọ fáìlì tí mákírò fẹ́ ṣí, ọ̀nà wà: ẹ fi ChrW pe lẹ́tà náà ní nọ́ńbà rẹ̀. ChrW(7865) ni ẹ, ChrW(7885) ni ọ, ChrW(7779) ni ṣ. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó ń gun orí wọn ni ChrW(768), ti òkè sì ni ChrW(769). Tí ẹ bá fẹ́ ọ̀, ẹ ó kọ ChrW(7885) & ChrW(768). Ó gùn, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Fún ti fáìlì, mo fara mọ́ ọn pé kí èyí tí mákírò máa pè lórúkọ má ní àmì kankan nínú orúkọ rẹ̀, kí àmì wà nínú ìwé níbi tó ti wúlò.

Ẹ tún ṣọ́ra fún orúkọ tí VBA ti gbà fún ara rẹ̀. A lè fẹ́ pe mákírò tó ń to nǹkan ní To. VBA kò ní gbà, nítorí ó ń fi To ka nọ́ńbà.

Wíwọn ojú kọ̀ǹpútà

Fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní nǹkan mẹ́rin tí a lè yí padà: Left ni bó ṣe jìnnà tó sí etí òsì, Top ni bó ṣe jìnnà tó sí òkè, Width ni fífẹ̀ rẹ̀, Height ni gíga rẹ̀. Póìǹtì ni Word fi ń wọn gbogbo wọn, ìyẹn ìwọ̀n kan náà tí à ń fi wọn lẹ́tà. Póìǹtì 72 ló wà nínú ìǹṣì kan. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: wọ́n ti rí i níbì kan pé ojú kọ̀ǹpútà àwọn jẹ́ 1920, wọ́n wá pín in sí méjì, wọ́n kọ 960 sínú mákírò, fèrèsé wá gba ojú tó pọ̀ ju ìdajì lọ. Píkísẹ́lì ni 1920 yẹn. Bí Windows bá wà ní ìwọ̀n 100, píkísẹ́lì 96 ló ń ṣe ìǹṣì kan, nítorí náà ojú tó fẹ̀ tó píkísẹ́lì 1920 jẹ́ póìǹtì 1440, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 720. Bí Windows bá wà ní ìwọ̀n 125 tàbí 150, bó ṣe máa ń wà lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ìṣirò náà tún yí padà.

Ẹ wo mákírò kékeré kan ná:

Sub FereseOsi()
    With ActiveWindow
        .WindowState = wdWindowStateNormal
        .Left = 0
        .Top = 0
        .Width = 500
        .Height = 500
    End With
End Sub

ActiveWindow ni fèrèsé tí ẹ wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́. Ìlà tó sọ nípa WindowState ni kókó. Fèrèsé tó kún gbogbo ojú kọ̀ǹpútà kò ṣeé gbé láti ibì kan sí ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ẹ ti tẹ̀ wálẹ̀ kò ṣeé gbé; bí ẹ bá sọ fún Word pé kó yí Left rẹ̀ padà, àṣìṣe ló máa fi dá yín lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ dá fèrèsé padà sí Normal, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ kó lọ. Bí mákírò tí ẹnì kan fún yín bá ń ṣiṣẹ́ lóòórọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ìlà yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Mákírò yìí ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n 500 tó wà nínú rẹ̀ kò mọ ilé tó wà. Ẹ gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí ojú rẹ̀ gbòòrò, ààyè á ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ. Ẹ gbé e sórí láptọ́ọ̀pù kékeré, ìsàlẹ̀ fèrèsé lè bọ́ sábẹ́. Télọ̀ kì í fi ìwọ̀n oníbàárà àná gé aṣọ oníbàárà òní. Ẹ jẹ́ kí mákírò kọ́kọ́ wọn ojú tó wà níwájú rẹ̀ ná. Ọ̀nà tó dá mi lójú jù ni pé kó mú fèrèsé kún gbogbo ojú, kó ka fífẹ̀ àti gíga rẹ̀, kó wá dá a padà sí Normal kó sì pín ohun tó kà.

Ìwé méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Èyí ni mákírò tí mo fẹ́ kí ẹ ní bí ẹ ò bá ní òmíràn. Ìwé tí ẹ wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ló máa gbé sápá òsì, á gbé èkejì sápá ọ̀tún, á sì mú ìwọ̀n lẹ́tà àwọn méjèèjì lọ sí 150.

Sub MejiLegbe()
    Dim osi As Window, otun As Window
    Dim fife As Long, giga As Long
    If Windows.Count <> 2 Then
        MsgBox "E jowo, e si iwe meji pere."
        Exit Sub
    End If
    Set osi = ActiveWindow
    Set otun = Windows(3 - osi.Index)
    osi.WindowState = wdWindowStateMaximize
    fife = osi.Width - 12
    giga = osi.Height - 12
    GbeSi otun, fife \ 2, fife \ 2, giga
    GbeSi osi, 0, fife \ 2, giga
    osi.Activate
End Sub

Sub GbeSi(w As Window, ByVal ibi As Long, ByVal fife As Long, ByVal giga As Long)
    w.Activate
    w.WindowState = wdWindowStateNormal
    w.Left = ibi
    w.Top = 0
    w.Width = fife
    w.Height = giga
    w.DocumentMap = False
    w.View.Type = wdPrintView
    w.View.Zoom.Percentage = 150
End Sub

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀díẹ̀. Àkọ́kọ́, ó ń bèèrè iye ìwé tó wà ní ṣíṣí. Bí kì í bá ṣe méjì, ó máa sọ fún yín, á sì dúró. Ìwé tó bá ṣì wà lábẹ́ ààbò, tí àmì aláwọ̀ ìyeyè wà lókè rẹ̀, Word kì í kà á mọ́ àwọn fèrèsé yòókù, nítorí náà ẹ tẹ Enable Editing lórí rẹ̀ kí ẹ tó pe mákírò. Ìkejì, 3 - osi.Index: bó bá jẹ́ pé méjì péré ni fèrèsé, nọ́ńbà wọn á jẹ́ 1 àti 2, tí ẹ bá sì yọ nọ́ńbà ọ̀kan kúrò nínú 3, ti èkejì ló kù. Àmì ìfàsẹ́yìn tó wà láàrin fife àti 2, \, ń pín nọ́ńbà láìfi ìdá kankan sílẹ̀. Word fẹ́ odidi nọ́ńbà fún ipò fèrèsé.

Póìǹtì 12 tí mo yọ ńkọ́? Tí fèrèsé bá kún gbogbo ojú, Windows máa ń ti etí rẹ̀ kọjá ojú kọ̀ǹpútà díẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá bi Word ní Left rẹ̀ nígbà náà, ó lè sọ nọ́ńbà tó kéré sí òdo. Tí ẹ kò bá yọ àfikún yìí, apá ọ̀tún á ti ìgbẹ̀yìn ìlà jáde lójú. Lórí kọ̀ǹpútà yín ó lè jẹ́ 10, ó lè jẹ́ 16. Ẹ dán an wò kí ẹ tún un ṣe.

GbeSi kò ní yọ nínú àkójọ Alt àti F8, nítorí mákírò tó bá ń retí ìsọfúnni láàrin àkámọ́ kì í yọ níbẹ̀. MejiLegbe nìkan ni ẹ ó máa pè. Mo yà á sọ́tọ̀ kí ẹ má bàa kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì lè fi ṣe òmíràn. Ṣé ẹ fẹ́ kí ìwé tí ẹ ń kọ gba ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí èyí tí ẹ ń wò gba ìyókù? Ẹ yí ìlà méjì padà:

    GbeSi otun, fife * 2 \ 3, fife \ 3, giga
    GbeSi osi, 0, fife * 2 \ 3, giga

DocumentMap ni àpótí ìtọ́sọ́nà tó ń kó àkòrí jọ sápá òsì. Ó dára nínú ìwé gígùn, ṣùgbọ́n bí fèrèsé bá ti di ìdajì, ṣe ló ń jẹ ààyè ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá nílò rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di True.

Ìwọ̀n 150 náà, ẹ yàn án fúnra yín. Mo fẹ́ràn kí ìwé Yorùbá tóbi ju ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí orí Yorùbá ni ojú ti ń ṣe iṣẹ́ tó le. Àmọ́ ẹ rántí pé Word ń fi ìwọ̀n yìí pamọ́ mọ́ inú ìwé. Bí ẹ bá fi ìwé náà ránṣẹ́, bó ṣe tóbi lọ́dọ̀ yín ló ṣe máa ṣí lọ́dọ̀ ẹni tó gbà á. Ìlà kan tó dá a padà sí 100 kí ẹ tó fi ránṣẹ́ jẹ́ ọ̀wọ̀ fún ẹni tó máa gbà á. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún rèé: bí ẹ bá mú ìwọ̀n tóbi títí tí orí àmì ohùn ṣì gé, ẹ̀bi kì í ṣe ti fèrèsé. Ẹ lọ wo àyè àárín ìlà nínú Paragraph. Bí wọ́n bá fi í sí Exactly tí nọ́ńbà rẹ̀ sì kéré, Word ń gé àmì náà kúrò lójú.

Word ní àṣẹ tirẹ̀ tó ń gbé ìwé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, View Side by Side, tó sì lè mú kí àwọn méjèèjì máa yí lọ pọ̀ bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ó wúlò gan-an fún ẹ̀dà àtijọ́ àti ẹ̀dà tuntun ìwé kan náà. Fún ìtumọ̀, mi ò gbà á níyànjú. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá kì í gùn bákan náà, nígbà tí ẹ ó bá fi dé ojú ewé kẹta, apá kan ti ṣíwájú èkejì. Bó bá ti ń yí lọ bẹ́ẹ̀, àṣẹ tó ń dá a dúró nínú mákírò ni Windows.SyncScrollingSideBySide = False, èyí tó sì ń tú àwọn méjèèjì ká pátápátá ni Windows.BreakSideBySide.

Ìwé kan, ojú méjì

Ìgbà mìíràn ìwé kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ibi méjì nínú rẹ̀ ni ẹ fẹ́ máa wò: ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kọ àti àkójọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ìwé. Ẹ la fèrèsé sí méjì lókè àti nísàlẹ̀.

Sub LaFerese()
    With ActiveWindow
        If .Split Then
            .Split = False
        Else
            .Split = True
            .SplitVertical = 70
        End If
    End With
End Sub

Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan, ó là á. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó dí i padà. 70 ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí apá òkè máa gbà. Àwọn apá méjèèjì lè ní ìwọ̀n lẹ́tà tó yàtọ̀ síra, ohun tí ẹ bá sì kọ ní apá kan wọ inú ìwé náà ní tààràtà, nítorí ìwé kan náà ni. Bọ́tìnì Ctrl, Alt àti S ń la fèrèsé báyìí láìsí mákírò, ṣùgbọ́n kò ní rántí ìdá tí ẹ fẹ́.

Fèrèsé tó sọnù

Ẹ ti so láptọ́ọ̀pù mọ́ pùrójẹ́kítọ̀ ní ìpàdé, ẹ tú u, ẹ dé ilé, Word ṣí, ṣùgbọ́n ìwé kò hàn. Ó wà níbẹ̀. Ipò tó rántí ni ti ojú kejì tí kò sí mọ́. Bí ojú kejì bá wà lápá òsì ti àkọ́kọ́, Left fèrèsé tó wà níbẹ̀ a kéré sí òdo. Bó bá wà lápá ọ̀tún, Left á ju fífẹ̀ ojú àkọ́kọ́ lọ. Ẹ fi èyí pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù:

Sub KoJo()
    Dim w As Window
    For Each w In Windows
        w.WindowState = wdWindowStateNormal
        w.Left = 0
        w.Top = 0
        w.Width = 500
        w.Height = 400
    Next w
End Sub

Níbí ni mo ti fara mọ́ nọ́ńbà tí kò yí padà, nítorí ìgbàlà ló wà fún. Kó ṣáà kó gbogbo fèrèsé wá sí igun òkè lápá òsì, kí ẹ rí wọn.

Bọ́tìnì tó máa pè é

Alt àti F8 nígbà gbogbo yóò sú yín. Word gbà kí ẹ so mákírò mọ́ bọ́tìnì: ẹ lọ sí File, Options, Customize Ribbon, ẹ tẹ Customize tó wà nísàlẹ̀ fún kíbọ́ọ̀dù, ẹ mú Macros nínú àkójọ. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́nisọ́nà á ní kí ẹ lo Ctrl àti Alt pẹ̀lú lẹ́tà kan. Ẹni tó ń tẹ Yorùbá gbọ́dọ̀ dúró ronú níbí. Lójú Windows, bọ́tìnì AltGr àti Ctrl pẹ̀lú Alt jẹ́ ọ̀kan náà, ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù tí a ṣe fún èdè wa ló sì ń lo AltGr láti kọ lẹ́tà tàbí àmì. Bí ẹ bá so mákírò mọ́ Ctrl, Alt àti E, tí kíbọ́ọ̀dù yín sì ń fi AltGr àti E kọ ẹ, ọjọ́ náà ni ẹ máa wá lẹ́tà ẹ tì, tí fèrèsé á sì máa fò kiri. Alt pẹ̀lú Shift náà kò dára, torí Windows lè máa fi í yí kíbọ́ọ̀dù kan sí òmíràn.

Ohun tí mo fara mọ́ ni ìlà bọ́tìnì kékeré tó wà lókè pátápátá, Quick Access Toolbar. Ẹ lọ sí File, Options, Quick Access Toolbar, ẹ mú Macros, ẹ fi MejiLegbe kún un, ẹ gbé e lọ sókè kó di àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, Alt àti 1 ló máa pè é. Èyí tó bá wà ní ipò kejì gba Alt àti 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò kan lẹ́tà kankan nínú èdè wa, ẹ sì lè yan àwòrán fún un níbẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ ọ́n.

Àwọn orúkọ kan wà tí Word máa ń pe mákírò wọn fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá kọ mákírò tó ń jẹ́ AutoOpen sínú Normal, á ṣiṣẹ́ nígbàkígbà tí ẹ bá ṣí ìwé. AutoExec á ṣiṣẹ́ nígbà tí Word fúnra rẹ̀ bá dìde. Kí AutoOpen mọ níwọ̀n. Kó mú ìwé kúrò ní ojú kíkà lásán tí Word máa ń ṣí ìwé inú ímeèlì sí, kó yan ìwọ̀n lẹ́tà, ó tó:

Sub AutoOpen()
    ActiveWindow.View.Type = wdPrintView
    ActiveWindow.View.Zoom.Percentage = 150
End Sub

Bí ẹ bá ní kó máa gbé fèrèsé kiri, ìwé kẹta tí ẹ kàn fẹ́ yẹ̀ wò yóò da èyí tí ẹ ti tò rú. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí ìwé kan, ẹ di Shift mú bí ẹ ṣe ń ṣí i.

Ààbò

Ẹ̀rù mákírò ní ìdí. Ní 1995, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Concept tàn ká nínú ìwé Word. Ní oṣù kẹta 1999, òmíràn tó ń jẹ́ Melissa ń fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn 50 àkọ́kọ́ nínú ìwé àdírẹ́sì Outlook ẹni tó bá ṣí i. Mákírò ni àwọn méjèèjì. Ní 2022 ni Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í dínà mọ́ mákírò inú fáìlì tó bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Mákírò tí ẹ kọ fúnra yín sínú Normal.dotm kò nílò kí ẹ tú ààbò kankan sílẹ̀, nítorí Word ti fọkàn tán ibi tó wà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ lọ sínú Trust Center láti gba gbogbo mákírò láàyè kí fèrèsé yín lè tò, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ fi í sílẹ̀ síbi tó ti ń dí mákírò àjèjì tó sì ń fi tó yín létí. Ẹ má sì fi mákírò fèrèsé sínú ìwé tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ojú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, òun ló mọ bó ṣe fẹ́ tò ó. Bí ẹlẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ẹ, ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ kóòdù kó kà á, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ara rẹ̀.

Ẹni tó bá ń lo LibreOffice

Ọ̀nà kan ò wọjà. Writer, èyí tí wọ́n fi ń kọ ìwé nínú LibreOffice, náà ní mákírò tirẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, fèrèsé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí sì gba ẹ, ọ àti ṣ láìjanpata. Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì ni pé píkísẹ́lì ni ó fi ń wọn fèrèsé, kì í ṣe póìǹtì.

Sub OsiWriter
    Dim k, f
    k = ThisComponent.CurrentController
    f = k.Frame.ContainerWindow
    f.setPosSize(0, 0, 960, 1000, 15)
    k.ViewSettings.ZoomType = 3
    k.ViewSettings.ZoomValue = 150
End Sub

Nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ ni apá òsì, òkè, fífẹ̀ àti gíga. 15 ń sọ fún un pé kó yí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà. ZoomType 3 ń sọ pé nọ́ńbà tí ẹ fún un ni kó lò, kó má ṣe yan ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Mákírò Word kò ṣeé gbé síbí bó ṣe wà, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn.

Fífi í pamọ́

Bí Normal.dotm bá bàjẹ́, tàbí tí wọ́n bá fọ kọ̀ǹpútà yín tí wọ́n tún Office fi sínú rẹ̀, gbogbo mákírò á bá a lọ. Ẹ padà sínú fèrèsé Alt àti F11, ẹ tẹ Module yín, ẹ lọ sí File, ẹ mú Export File. Fáìlì kan tó parí sí .bas ló máa jáde, ọ̀rọ̀ lásán ni, Notepad lè ṣí i, kò sì wúwo. Ẹ fi ọ̀kan sórí fíláàṣì, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Lórí kọ̀ǹpútà tuntun, File àti Import File ló máa dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ tún yẹ póìǹtì 12 inú MejiLegbe wò, ẹ sì tún un gbé sórí Quick Access Toolbar, nítorí fáìlì .bas kò gbé bọ́tìnì Alt àti 1 dání.